Ìdí Tó Fi Yẹ Ká Fi Ọ̀dà Olómi Ya Àpótí àti Àga Ilé Wa

Àwọn aládùúgbò mi ní Festac ti ń béèrè pé kí ni bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ń fi ike omi, búrọ́ọ̀ṣì àti bébà ṣe níwájú àpótí ìdáná. Wọ́n ní, "Prof, ṣebí fóònù wà lọ́wọ́ yín? Ẹ kàn ya fọ́tò ẹ̀ kíá, kó parí!" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí n kàn fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Mo fẹ́ fi àrokọ yìí ṣàlàyé ohun tí àwòrán ọ̀dà olómi ń fi hàn wá nípa àga, àpótí àti òtìtà onígi, tí fọ́tò kì í sábà fi hàn, àti ìdí tí kò fi yẹ ká jáfara.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń sọ gan-an. Ọ̀dà olómi ni èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní wọ́tàkọ́lọ̀. Omi la fi ń pò ó, kì í ṣe òróró. Ó máa ń fẹ́lẹ́ lórí bébà débi pé funfun bébà á ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ibì kan mọ́lẹ̀ nínú àwòrán, ńṣe la máa fi bébà ibẹ̀ sílẹ̀ láìkùn. Bí a bá ti kùn ún dúdú tán, ó ṣòro kó tó padà funfun. Èyí túmọ̀ sí pé ayàwòrán gbọ́dọ̀ ti wo nǹkan náà tó, kó sì mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lé, kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi. Àwòrán tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a máa gbé kọ́ ògiri pálọ̀. Àwòrán ìwádìí ni. A ń yà á kí a lè mọ nǹkan náà tinú-tòde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé eré òyìnbó ni. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, fi ọ̀dà olómi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó ní 1906, kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà síwájú sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà ló ń rọ ìjọba amúnisìn pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ àwòrán. Nígbà tó di 1927, ìjọba mú Kenneth Murray wá síbí láti wá kọ́ wọn. Murray yìí ló wá di ẹni tó ń kó iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa jọ, tí a fi ní Mùsíọ́mù Onikan ní Èkó ní 1957. Ènìyàn ni Onabolu yà jù. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín pé ká ṣe ni pé ká fi irú ojú kan náà wo ohun tí àwọn ènìyàn náà jókòó lé.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti iṣẹ́ káfíńtà

Ẹ gbé àpótí ìjókòó àtijọ́ kan kalẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń jókòó lé nídìí àdìrò. Ẹ gbé àga tábìlì oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fọ́tò á sọ fún yín pé igi ni méjèèjì, pé méjèèjì sì ti gbó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé ìlà tó wà lára igi wọn, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi rí ìyàtọ̀. Lára àpótí, ibì kan náà ni gbogbo ìlà igi ń lọ, látorí ìjókòó dé ẹsẹ̀, nítorí pé ara ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde. Lára àga, ìlà tó wà lára ẹsẹ̀ ń lọ sókè, èyí tó wà lára igi tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀ ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni wọ́n ti so igi mọ́ igi: wọ́n dá ihò sára ọ̀kan, wọ́n gé orí èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè wọ inú ihò náà, tàbí kí wọ́n kàn í níṣòó.

Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, ń gbẹ́ ọnà. Ó ń yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò lára igi títí tí ohun tó fẹ́ á fi kù. Káfíńtà ń kó pákó jọ, ó ń so wọ́n pọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ àyálò ni káfíńtà jẹ́. Iṣẹ́ dídì pákó mọ́ pákó láti fi ṣe àga àti tábìlì gbilẹ̀ ní Èkó ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, lọ́wọ́ àwọn Àgùdà tó padà láti ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn Sàró, àti àwọn ilé-ìwé ìjọ. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ṣì wà ní Èkó láti jẹ́rìí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà wọ̀nyí. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ ọ. Lóde òní, a ti ń pe káfíńtà náà ní gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀rọ̀ kan ti ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n ìlà igi kò tíì gbàgbé. Igi kan kì í dágbó ṣe lóòótọ́, àmọ́ igi kan lè dá àpótí ṣe.

Tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ó lè dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ máa ń bi mí: kí ló dé tí àpótí àtijọ́ fi máa ń kúrú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń ki? Wọ́n rò pé torí pé ìdáná wà nílẹ̀ ni. Ìyẹn wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n igi fúnra rẹ̀ ní tirẹ̀ láti sọ. Igi lágbára ní ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ gbà lọ, ó sì rọrùn láti ṣẹ́ tàbí láti là ní ìdàkejì. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá dá ìtì igi dùbúlẹ̀ kó tó gbẹ́ àpótí jáde, ìlà igi á gba ẹ̀gbẹ́ lọ, á wá gé ẹsẹ̀ kọjá ní ìbú. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣíṣẹ́ ló máa ṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀gá á ṣe é kúkúrú, á sì jẹ́ kó ki. Bó bá sì jẹ́ pé òòró ló gbé ìtì igi dúró, ẹsẹ̀ á lágbára, ṣùgbọ́n orí ìjókòó á máa fi òrùka igi hàn, bí omi tí a sọ òkúta sí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sán nígbà tí igi bá ń gbẹ. Sísán yẹn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní àbùkù, ló máa ń sọ fún mi bí ọ̀gá ṣe gbé igi rẹ̀ dúró.

Ìpele mẹ́rin, lọ́wọ́ ọ̀gá méjèèjì

Bàbá Kevin Carroll, àlùfáà tó wà lára àwọn tó darí ilé-iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 sí 1954, ṣàkọsílẹ̀ orúkọ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń pe ìpele iṣẹ́ wọn. Níbẹ̀ ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ógún. Ìpele náà jẹ́ mẹ́rin: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Nínú ọnà lílé, wọ́n á ṣá igi kí ìrísí ńlá rẹ̀ lè jáde. Nínú àlétúnlé, wọ́n á pín ìrísí ńlá náà sí kéékèèké. Dídán ni kí wọ́n mú ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni fínfín, nígbà tí wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ìlà àti ọnà wẹ́wẹ́ sí i.

Mo rí i pé ìlànà yìí bá àwòrán ọ̀dà olómi mu gan-an, mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó wá ń yàwòrán lọ́dọ̀ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, pẹ́ńsù fẹ́ẹ́rẹ́: gíga, fífẹ̀, àti bí ẹsẹ̀ ṣe yà síra. Ìyẹn ni ọnà lílé tiwa. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ gan-an láti pín ibi ìmọ́lẹ̀ àti ibi òjìji: àlétúnlé nìyẹn. Ká wá máa fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun orí ara wọn, ká jẹ́ kí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbẹ ná, títí tí ara igi á fi jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, kíákíá ló ń gbẹ, ó tiẹ̀ lè gbẹ lórí búrọ́ọ̀ṣì. Nígbà òjò, níbí tí a wà lẹ́bàá omi yìí, ẹ lè lọ jẹun kí ẹ padà dé kó má tíì gbẹ. Ìgbẹ̀yìn ni ìlà igi, ihò ìdun àti ti ikán, ojú ọ̀bẹ. Ọ̀dọ́ tó bá fi fínfín bẹ̀rẹ̀, tó ń sáré ya ọnà tó rẹwà kó tó mọ bí àpótí ṣe dúró, àpótí rẹ̀ á wọ́ lórí bébà.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà

A kọ́ la máa kọ́kọ́ ronú kan èyí. Ní 1935, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ tí àwọn ayàwòrán kò rí iṣẹ́ ṣe, ìjọba wọn gbà wọ́n síṣẹ́ láti ya àwọn ohun èlò àtijọ́ ilẹ̀ wọn. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Index of American Design. Àga, àpótí aṣọ, bèbí, aṣọ ìbora, ìkòkò, kọ́kọ́rọ́, ohun tí àwọn ará ìlú lásán lò nínú ilé wọn, ni wọ́n yà. Ọ̀dà olómi ni wọ́n fi ya èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi máa dáwọ́ dúró ní 1942, àwòrán tó lé ní 18,000 ló ti wà nílẹ̀. Inú National Gallery of Art ní Washington ni wọ́n wà títí dòní.

Fọ́tò wà nígbà yẹn o. Ṣùgbọ́n fọ́tò aláwọ̀ kò tíì ṣeé gbára lé, wọ́n sì mọ̀ pé ojú ènìyàn lè yan ohun tó ṣe pàtàkì, kó fi òjìji tí kò wúlò sílẹ̀, kó jẹ́ kí ibi tí igi ti wọnú igi hàn kedere. Lóde òní, fọ́tò aláwọ̀ ti dára, kò sí iyàn jíjà nípa ìyẹn. Èmi náà máa ń ya fọ́tò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá kan ni fọ́tò ń gbà. Àwòrán ọ̀dà olómi lè gba wákàtí mẹ́ta, nínú wákàtí mẹ́ta yẹn, ẹ óò béèrè ìbéèrè tí ẹ kò bá má ronú kàn rárá.

Àpótí alákàrà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Obìnrin kan níhìn-ín ní Amuwo-Odofin gbà kí n ya àpótí ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Àkàrà ni ìyá náà ń dín tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àpótí kúkúrú ni, ìtì igi kan ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò sí ọnà kankan lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kun ọ̀dà kìíní tán tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èkejì àti ẹ̀kẹta kún un, mo rí i pé apá òsì ìjókòó náà ń béèrè ọ̀dà sí i, kò sì yé béèrè. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kun ibẹ̀ kó tó dúdú tó bó ṣe yẹ. Apá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo wọn ọ́n, apá òsì ti jẹ wọlẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ.

Mo pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ibi tí abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ wà nìyẹn, bàbá. Apá òsì ni wọ́n máa ń fì sí láti bù ú." Ọ̀pọ̀ ọdún tí ìyá kan fi ń tẹ̀ sí òsì láti bu ẹ̀wà, tó fi ń padà sí àárín láti jù ú sínú epo, ló ti wọ inú igi yẹn. Ìyá náà kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ìwé tó fi sílẹ̀ ni àpótí yẹn, òun náà ló sì fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé.

Àpótí náà kò sí mọ́ báyìí. Nígbà tí wọ́n kó kúrò ní ilé náà lọ sí yàrá kékeré, kò sí àyè, ẹnì kan sì fi dá iná. Ọmọ ìyá náà wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó béèrè bóyá àwòrán yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó wà, pẹ̀lú ìwọ̀n gbogbo ara rẹ̀. Mo fún un.

Ohun tó wà nínú mùsíọ́mù, àti ohun tí kò sí níbẹ̀

Àwọn ohun ìjókòó àti ilẹ̀kùn ọba wa kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro olùtọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ kà lọ́dọ̀ mi á rántí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, Mùsíọ́mù Bìrìtìkó sì fẹ́ ẹ. Ọba kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ló gbà: wọ́n ṣe àga ọba kan fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà wa la fi gba iṣẹ́ àwọn tó ń di igi mọ́ igi. Ó kéré tán, ayé mọ ibi tí ilẹ̀kùn náà wà. Ta ló máa wá gba àpótí alákàrà? Ta ló máa fi àga ṣe pàṣípààrọ̀ fún òtìtà tí ìyá àgbà yín fi ń bọ́ ẹ̀gúsí?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Festac ju àwọn mìíràn lọ. Nítorí àjọ̀dún FESTAC ti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì, 1977, ni wọ́n ṣe kọ́ àdúgbò wa, láti gba àwọn àlejò tó wá láti gbogbo ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni wọ́n pín ilé náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ará ìlú. Ènìyàn wá láti ibi gbogbo, kálukú sì gbé ohun ìjókòó ilé bàbá rẹ̀ dání. Títí dòní, ẹ lè rí àpótí Yorùbá nínú fúláàtì kan, kí ẹ rí òtìtà Nupe ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi kan, nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì rí ìjókòó olóyè láti ilẹ̀ Ìgbò lókè wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ilé nígbà yẹn ti di arúgbó, àwọn kan ti lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn wà lókè òkun. Bí wọ́n bá ti fẹ́ tún fúláàtì ṣe tàbí tí wọ́n fẹ́ fi í háyà, ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ jù síta ni igi tó ti gbó. Àga tí wọ́n fi eruku pákó lẹ̀ pọ̀ ló ń rọ́pò wọn, tí omi bá sì ti kan èyí, á wú bíi búrẹ́dì.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Kò gba owó ńlá. Ẹ ra bébà tó nípọn dáadáa, irú èyí tí wọ́n kọ gíráàmù 300 sí lára, torí pé bébà fẹ́lẹ́ á ká kò tí omi bá kàn án. Àwọ̀ mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀: yellow ochre, burnt sienna àti ultramarine. Ẹ po méjì ìgbẹ̀yìn yìí pọ̀, ẹ óò rí dúdú tó jinlẹ̀, tó bá igi mu ju dúdú inú ike lọ. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bó bá pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ á di àwọ̀ ilẹ̀. Arère funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó fúyẹ́, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo abẹ́ àpótí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, kí ẹ tó sọ irú igi tó jẹ́.

Ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹta: iwájú, ẹ̀gbẹ́, àti abẹ́ rẹ̀. Ẹ má fo abẹ́ o. Ibẹ̀ ni ọ̀gá kì í dán, ojú irin iṣẹ́ rẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀ bó ṣe fi sílẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn gíga, fífẹ̀ àti kíki rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, kí ọ̀gá tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè rí ibi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lò ó, iṣẹ́ tó fi ṣe, ìlú tó ti wá. Bí ẹ bá parí, ẹ jẹ́ kó gbẹ délẹ̀, ẹ fi í sínú fáìlì, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tútù kó má baà bu, kí ẹ má sì gbé e síbi tí oòrùn ń pa, torí pé oòrùn máa ń mú ọ̀dà olómi ṣá.

Bí ìyá tàbí bàbá tó ni àpótí náà bá ṣì wà láyé, ẹ jókòó tì wọ́n bí ẹ bá ń yà á. Ẹ má fi ìbéèrè dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n bá ti rí i tí ibi tó jẹ wọlẹ̀ ń jáde lórí bébà, àwọn fúnra wọn ló máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ kàn rí i pé pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sí ẹ̀yìn bébà náà.